Apá Òsì Tó Ṣẹ́kù

Mo rántí bí ìyàwó mi ṣe ki ìka méjì bọ inú abọ́ omi, tí ó wọ́n ọn sí ojú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, tí ó sì dẹ etí sílẹ̀. Omi náà ké ṣìì, ó gbẹ. Ó mi orí.

"Ó ti gbóná jù. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé ni. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àgbàdo ń hó lórí iná nínú ilé ìdáná. Ká ní mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ni a óò jọ lò kẹ́yìn, ojú rẹ̀ ni ǹ bá máa wò. Ṣùgbọ́n ojú áyọ́ọ̀nù ni mò ń wò, nítorí ohun tí a fẹ́ lọ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe aṣọ. Bààlúù ni.

Mo ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yaba. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ: ooru, ìmọ́lẹ̀, ìró, àti agbára tí ń gbé ohun tó wúwo dúró lójú ọ̀run. Ìyàwó mi ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wa ní Surulere, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí a ti lè gbọ́ ohùn àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ Ojúẹlẹ́gbà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ọ̀hún. Mádàámú ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, èmi náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Òun ní tirẹ̀, láti ọjọ́ tí ó ti mọ̀ mí ni ó ti ń pè mí ní Tíṣà, kò sì yí i padà nígbà tí mo di ọkọ rẹ̀, tàbí bàbá ọmọ rẹ̀, tàbí àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ilé wa wà lábẹ́ ọ̀nà tí àwọn bààlúù ń gbà bí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀ ní Ìkẹjà. Wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé a lè rí táyà wọn. Bí ọ̀kan bá ti ń kọjá, ìyàwó mi á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á gbójú sókè wo àjà, á ní, "Ẹ kú àbọ̀ o." Kò wọ bààlúù rí láyé rẹ̀. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní, "Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kíkí là á kí i. Bí kò bá gbọ́, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́."

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọ wa obìnrin tó ń gbé lókè òkun fi àpótí pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí ó wà ní kékeré, mo ti sọ fún un rí pé iṣẹ́ ṣíṣe bààlúù ni ó wù mí kí n kọ́, kó tó di pé ayé darí mi sí ìdí ṣọ́ọ̀kì. Mo ti gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Òun kò gbàgbé. Nígbà tí mo gbé àpótí náà, mo rò pé wọ́n ti jí ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́nà, nítorí pé ó fúyẹ́ bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, mo bá igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ bí eyín ìyàrun, ẹ́ńjìnnì tí kò ju àtàǹpàkò lọ, rìmóòtù kan, ọ̀rá pupa tí wọ́n ká jọ bí ẹní, àti bébà àwòrán kan tí ó gùn ju tábìlì oúnjẹ wa lọ. Èmi ni ó kù tí yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di bààlúù.

Kápẹ́ńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wa gòkè wá wò ó. Ó mú igi kan, ó gbé e sókè sódò.

"Tíṣà, kí lẹ pe eléyìí?"

"Igi ni."

"Igi wo? Mo ti ń bá igi jà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò tíì rí igi tí kò wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Èmi rò pé àkàrà ni."

Ó dá a padà sórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Oṣù mélòó kan ni mo fi kàn án. Mo gba tábìlì oúnjẹ, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ lé itan jẹun. Mo tẹ́ bébà àwòrán náà sílẹ̀, mo ń to àwọn igi náà lé e lórí, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, ìyàwó mi sì yá mi ní píìnì tí ó fi ń de aṣọ kí igi má bàa yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Nígbà tí apá kìíní parí, mo gbé e síwájú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín àwọn egungun rẹ̀ kọjá, òjìji wọn sì bọ́ sórí ògiri. Èmi tí mo ti ya àwòrán apá bààlúù sára pátákó dúdú fún odidi ọgbọ̀n ọdún, n kò mọ̀ pé ó lè rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó títí. Ó ní, "Ó dà bí ẹja tí wọ́n jẹ tán." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó ṣẹ̀dá ẹja náà kú iṣẹ́."

Ọjọ́ tí mo so bátìrì mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyàwó mi ń tú síìpù lára aṣọ oníbàárà kan. Mo ti ọ̀pá kékeré orí rìmóòtù sí òsì. Láti ìkángun yàrá kejì, ìrù bààlúù náà yí sí òsì. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ó mira!"

Mo tì í sí ọ̀tún. Ìrù náà yí sí ọ̀tún.

"Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. A jókòó síbẹ̀, àgbàlagbà méjì, a ń wo ìrù igi tó ń kí wa. Nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ìgbì ṣe ń jáde láti inú rìmóòtù tí ó sì ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Ó na ọwọ́ sí mi láì mú ojú kúrò lára ìrù náà.

"Tíṣà, ẹ dákun, lọ́la lẹ óò sọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó yà mí lẹ́nu tán ná."

Ibi tí ó ti dójú tì mí ni ti ọ̀rá. Bí bààlúù kékeré bẹ́ẹ̀ bá ti di egungun tán, ọ̀rá náà ni aṣọ rẹ̀. Èèyàn á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ mọ́ igi náà lára, ooru á mú kí ó lẹ̀, á sì fún un pọ̀ títí tí kò fi ní ní ìwúnjọ kankan. Gbogbo ìlànà rẹ̀ ló wà nínú ìwé tó bá àpótí náà wá. N kò ka ojú ewé yẹn. Kí ni ẹnì kan fẹ́ kọ́ tíṣà físíìsì nípa ooru? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyàwó mi lọ ra òwú àti ẹ̀fọ́ ní ọjà Tejúoṣó, mo ní kí n wọṣọ fún àyà bààlúù náà kí ó tó dé, kí n fi yà á lẹ́nu. Mo lọ̀ ọ́ títí, kò lẹ̀. Mo fi kún iná, ó súnkì, ó ká gbogbo etí rẹ̀ sókè bí ewé tó bọ́ sínú iná. Mo ti pinnu pé ọ̀rá náà kò dára, mo sì ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe é nínú ọkàn mi, pẹ̀lú gírámà tó le, nígbà tí ìyàwó mi wọlé.

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ọ̀rá náà, ó fi èékánná ha igun rẹ̀, ó sì bó ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn tó mọ́ gaara kúrò ní ìdí rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ò bó awọ ìdí ẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ẹ̀fọ́ tó rà, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Inú ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó, n kò di áyọ́ọ̀nù mú rí. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn nípa ooru, òun ni ó lọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, èmi ń kan igi, òun ń wọṣọ fún un.

Ó ní òfin kan. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí aránṣọ bá ń rán aṣọ mọ́ ènìyàn lára, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi eyín di òwú mú títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, nítorí pé òkú nìkan ni wọ́n ń rán aṣọ mọ́ lára tí kì í di nǹkan kan mú lẹ́nu. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àwọn ìyàwó tuntun pàápàá. Nígbà tí a fẹ́ wọṣọ fún àyà bààlúù náà, ó gé òwú pupa kan, ó nà án sí mi.

"Bààlúù ò ní eyín. Ẹ̀yin tí ẹ dì í mú ni kí ẹ bá a fi eyín di òwú."

Mo gbà á, mo fi há eyín. Mo dì í mú, mo dákẹ́, ó ń lọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ fún mi pé ìdajì òfin náà ni ti ọ̀gá òun, ìdajì tó kù jẹ́ ti òun fúnra òun. Ó ní, "Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń wá ohun tó lè pa yín lẹ́nu mọ́?"

Mo fẹ́ fi tẹmómítà wọn ooru áyọ́ọ̀nù náà. Ó bi mí bóyá ibà ń ṣe é. Omi nìkan ni ó ń wọ́n sí i, etí ni ó sì fi ń gbọ́ ọ. Omi tó bá jókòó jẹ́jẹ́ láì sọ nǹkan, áyọ́ọ̀nù náà kò tíì gbóná tó. Èyí tó bá ké ṣìì tí ó sì sá lọ, ó ti gbóná jù. Èyí tó bá ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ni ó ń fẹ́. Nígbà tí ó bá wá gbé áyọ́ọ̀nù náà lé ọ̀rá, ìwúnjọ á máa sá níwájú ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rá náà á nà gbọnrangandan, á máa dán bí omi tí afẹ́fẹ́ kò kàn, a ó sì máa rí àwọn egungun náà lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹnu ń yà mí lọ́jọ́ gbogbo, òwú pupa sì wà lẹ́nu náà.

Àdéhùn wa ni pé bí ó bá parí, a óò gbé e lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́. Irú bààlúù yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú sókè kí ó tó fò. Ó ti sọ fún mi, ó sì ti sọ fún ọmọ wa lórí fóònù: "Èmi ni n óò jù ú. Tíṣà á di rìmóòtù rẹ̀ mú."

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí áyọ́ọ̀nù náà ti sinmi tó, ó wọṣọ fún apá ọ̀tún. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti parí. Ó gé ọ̀rá ti apá òsì sílẹ̀, ó fi báírò kọ "òsì" sí ìdí rẹ̀, ó ká a, ó sì fi àjákù léèsì dè é. Ó ní ó di ọ̀la, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. A jẹ àgbàdo pẹ̀lú àgbọn. Bààlúù ńlá kan kọjá lókè, ó kí i. Lẹ́yìn náà ó ní ó rẹ òun díẹ̀, òun fẹ́ na ẹ̀yìn sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ bá mi yọ áyọ́ọ̀nù lára iná."

Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún náà wà lọ́wọ́ mi, mo ti gbé e síwájú fèrèsé, oòrùn sì ti là á kọjá, ó sọ gbogbo ọwọ́ mi di pupa. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Nígbà tí mo rántí áyọ́ọ̀nù, mo sáré yọ ọ́, mo sì lọ sínú yàrá láti sọ fún un pé mo ti yọ ọ́. Kò dá mi lóhùn. Dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ ni, pé kò mọ̀ ọ́n lára rárá, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan tí ó ní kí n ṣe, tí n kò tètè ṣe.

Nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ wa wọṣọ fún un, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. N kò lè wò ó pẹ́. Mo kàn rí i pé kò sí òwú lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ wa wá, ó sin ìyá rẹ̀, ó padà. Òjò ń rọ̀. Mo da aṣọ bo tábìlì pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí ọmọ mi bá pè mí lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa, á ní, "Dádì, ṣẹ́ẹ̀tì yín ti rún." Mo ní fóònù ni kò ríran dáadáa. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì já irọ́ náà.

Ní ọjọ́ kan kápẹ́ńtà gòkè wá kí mi. Kò jókòó. Ó gbé aṣọ orí tábìlì sókè díẹ̀, ó mú apá òsì tó wà ní ìhòòhò, ó di ojú kan, ó fi ìkejì wo gígùn rẹ̀.

"Tíṣà, igi tí kò wọṣọ nínú òjò yìí, á ká. Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.

"Ṣé kí n bá yín wá aránṣọ kan tó lè lọ̀ ọ́?"

Mo ní rárá.

"Ẹ má bínú o." Ó gbé e sílẹ̀ bí ó ti gbé igi àkọ́kọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Bó bá ká tán, kò ní bá ìkejì ẹ̀ dọ́gba mọ́. Èyí tí Mádàámú ṣe, á kàn dá wà bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo wo apá ọ̀tún tí ìyàwó mi ṣe. Mo ti rò pé bí n kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, gbogbo nǹkan yóò wà bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún pé kò sí ohun tó ń rí bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ṣe kẹ́yìn láyé yóò di ohun tí kò wúlò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn yọ díẹ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù jáde láti ibi tí mo gbé e pa mọ́ sí. Mo bu omi sínú abọ́ tí ìyàwó mi ń lò. Mo tú àjákù léèsì náà, mo na ọ̀rá náà, mo sì rí "òsì" tí ó kọ, pẹ̀lú àmì sí i lórí dáadáa, nítorí pé mo ti máa ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí àmì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tí ó ń ṣàlàyé fún yàrá tó ṣófo ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo lọ sí ìdí máṣíìnì rẹ̀. Òwú pupa ṣì wà lójú abẹ́rẹ́. Mo já díẹ̀, mo fi há eyín.

Mo bó awọ ìdí ọ̀rá náà, mo sì so áyọ́ọ̀nù mọ́ iná. Mo ki ìka méjì bọ omi, mo wọ́n ọn. Ó jókòó, kò sọ nǹkan. Mo dúró. Mo tún wọ́n ọn, ó ké, ó sá lọ. Mo dín iná kù, mo dúró pẹ́. Ní ìgbà kẹta, ó kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbọ́ ọ. N kò mọ̀ pé mo ti mọ ohùn náà.

Ibi gbogbo tí mo na ọ̀rá náà dé, ó tó, nítorí pé ìyàwó mi ti fi àyè sílẹ̀ ní etí rẹ̀ fún ọwọ́ tí kò mọṣẹ́. Ibi tí igi náà ti fẹ́ ká, mo yí i sí òdì kejì, mo sì lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí mo ti rí i tí ó ń ṣe sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó gbà. Ìwúnjọ kan ṣẹ́kù ní igun, kò tóbi ju èékánná lọ. Mo fi í sílẹ̀. Òun ni a óò fi máa mọ èyí tí èmi ṣe yàtọ̀ sí èyí tí òun ṣe.

Bí mo ti gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo yọ ọ́ lára iná. Kí n tó wo ohunkóhun, mo kọ́kọ́ yọ ọ́.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí. Bààlúù náà kò tíì fò, n kò sì mọ ẹni tí yóò bá mi jù ú. Ọmọ mi ní kí n dúró de òun. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo lọ̀ ọ́ náà, mo gbé apá òsì jáde sí bákónì láti wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀sà, kò le rárá. Mo di apá náà mú ní ìdí, mo gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì fà mí lọ́wọ́. Ohun tí kò wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ fa ọwọ́ mi sókè, ó sì gbé e dúró síbẹ̀. Mo ti kọ ìdí rẹ̀ sára pátákó lọ́dọọdún. Mo mọ̀ ọ́n lórí. N kò sọ ọ́. Mo jẹ́ kí ó yà mí lẹ́nu tán ná.

Bààlúù ńlá kan ń bọ̀ láti ìhà Yaba, ó ti sọ̀ kalẹ̀, táyà rẹ̀ ti jáde. Mo yọ òwú kúrò lẹ́nu.

"Ẹ kú àbọ̀ o."